Igi Àjà Orí Ààrò Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ní Ìdí-Àfọ̀n, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Àlàdé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gba ìmọ̀ràn.

Mojírádé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń kọ́ ilé búrẹ́dì. Gbogbo ohun tó ní ló ti kó sínú ilé náà. Igi àjà ńlá tí yóò gbé òrùlé dúró lókè ààrò nìkan ló kù. Àlàdé kò rí igi tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ló bá to pákó pẹlẹbẹ léra, ó fi gọ́ọ̀mù tó fi ń kan àga lẹ̀ wọ́n pọ̀ di igi kan. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ó gbé e lé òkúta, ó ní kí àwọn géńdé àdúgbò máa fò lórí rẹ̀. Igi náà kò tilẹ̀ dún.

Mojírádé bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ooru dán an wò pẹ̀lú, nítorí inú ọyẹ́ kọ́ ni igi yóò máa gbé.

Àlàdé rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ẹ mọ búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kí èmi mọ pákó.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáná, ooru ààrò pàdé ooru oòrùn lábẹ́ páànù. Gọ́ọ̀mù rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, pákó ń yọ̀ kúrò lára ara wọn, igi sì tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Mojírádé gbọ́ tí igi dún, ó sá jáde. Bó ṣe ń dé ìta ni òrùlé wó lé ìyẹ̀fun tó ti pò sílẹ̀.

Àlàdé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó òkìtì pákó àti páànù náà kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó wá gọ́ọ̀mù àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ooru kì í tètè mú rọ̀. Ó lẹ igi tuntun, ó gbé e sókè ẹyin iná, ó to òkúta lé e. Igi náà là, nítorí kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ó lẹ òmíràn, ó fi sùúrù dúró dè é. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé káfíńtà ń sun igi jẹ bí iṣu. Kò wẹ̀yìn. Nígbà tó gbé èyí sórí iná, kò tẹ̀.

Mojírádé ní ó dára, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. “Àlàdé, lọ́jọ́ tí mo bá dáná, abẹ́ rẹ̀ ni wàá jókòó sí.”

Nígbà tí wọ́n gbé igi náà sókè tí wọ́n sì kan òrùlé padà, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lókè. Igi kò dún. Òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé búrẹ́dì àkọ́kọ́ fún.

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí nǹkan yóò ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti dán an wò, ẹ má sì fi ẹ̀rín dá ẹni tó ń kìlọ̀ lóhùn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.