Ilà Pélé Lára Kámúṣáàfù

Mẹkáníìkì náà yọ kámúṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń ṣí fáàfù, kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, ó fi àkísà nu epo ara rẹ̀.

"Wọ́n ti fá àwọn ibi tó yọ gọngọ yìí kí ọkọ̀ lè máa sáré sí i."

"Ọ̀gá, ta ló ń ṣe irú ẹ̀?" Yẹ̀kínnì tó ra ẹ́ńjìnnì náà ló bi í.

Mẹkáníìkì náà yí ìdí irin náà síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ti rí ilà pélé, ilà ojú bàbá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ fi fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin kọ sídìí rẹ̀ nígbà tó fá a fún àbúrò rẹ̀, kí ìyẹn tó wa ọkọ̀ náà lọ sí Gabon.

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Ní casse, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó bàjẹ́ tà. Odò ni ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì yìí já sí. Wọ́n ní awakọ̀ rẹ̀ ò yè é."

Fóònù mẹkáníìkì náà dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ṣé àbúrò ẹ ti pè?"

"Kò tíì pè, Màmá."

Ó da epo tuntun sára kámúṣáàfù náà, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.