Ojú Kẹjọ Níwájú Ilé Eré

Ojú ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe sí iwájú ilé eré àtijọ́ kan. Ìkẹjọ ti já bọ́ tipẹ́, kò sì sí àwòrán rẹ̀ níbì kankan.

Ọ̀gá iṣẹ́ sọ fún obìnrin amọ̀kòkò tí wọ́n gbé àtúnṣe náà fún pé, "Ìyá, ẹ mọ ojú tó bá ṣáà ti wù yín."

Ojú ọmọ rẹ̀ ló mọ. Ọmọ náà ti di àwátì láti ìgbà òjò tó kọjá. Ìyá ti wá a dé ilé ìwòsàn, dé àgọ́ ọlọ́pàá, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn yẹn á ní àwọn ò mọ̀, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Láràárọ̀ ló ń gbá yàrá ọmọ náà. Ó tilẹ̀ ti kan irin ìtìlẹ̀kùn mìíràn síta ilẹ̀kùn yàrá náà, torí ti àkọ́kọ́ já lọ́jọ́ tí ọmọ lọ.

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rí i lókè yẹn," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Á wá sọ fún mi."

Ọkọ rẹ̀ ò gbójú sókè. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kó sinmi."

"Ọmọ mi ò kú!"

"Mi ò sọ pé ó kú."

Ojú àkọ́kọ́ là sí méjì nínú iná. Èkejì jinná dáadáa, àmọ́ ó já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e gòkè, ó sì fọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á fi símẹ́ńtì dí àyè rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú eruku, ó di ẹsẹ̀ ọ̀gá náà mú.

"Ẹ ṣàánú mi, sà. Òun nìkan ni mo bí."

Ọ̀gá iṣẹ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde, ìyá. Ẹ tún òmíràn mọ."

Obìnrin náà ò jẹun, kò kúrò nídìí iná. "Má là mọ́," ló ń sọ ṣáá. "Máa bọ̀ wálé."

Ẹ̀kẹta jáde láìní àbùkù. Fúnra rẹ̀ ló dì í mọ́ àyà gòkè, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tó wò ó láti títì, ó bú sẹ́kún. Àwọn tó ń kọjá dúró tì í, wọ́n ń bá a sunkún, wọ́n ń ní Ọlọ́run á dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní òdìkejì títì gbójú sókè, ó rí ojú ara rẹ̀ lára ògiri, ó sáré kó ẹrù, ó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ dákun, mà, bí ìyá mi bá wá béèrè mi, ẹ ní mo ti kú."