Kó Ṣáà Ti Kọjá Omi

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í fi àwọn bọ́ọ̀lù inú ike yẹn gbá?"

Mutmainah ló béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ike bọ́tà kékeré kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló kún inú rẹ̀, ìlà pupa kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ọsàn kékeré tó ti gbẹ ni bàbá rẹ̀ tò sẹ́yìnkùlé, òun ló ń fi ọ̀pá gbá. Tàjùdéèn wo ọmọ náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Mùsílímátù ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ó tún dé e padà.

Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú ni wọ́n ń gbé. Wọn kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Ejìnrìn ni wọ́n ti wá, létí ọ̀sà, níbi tí Tàjùdéèn ti ń pẹja kó tó ta ọkọ̀ àti àwọ̀n rẹ̀. Nísinsìnyí, ó ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn ọ̀gá tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní pápá kan lápá Ẹ̀pẹ́. Láràárọ̀, yóò ti dúró ní ibùdókọ̀ Benson, yóò máa retí ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ibi tó ti kó kúrò.

"Ìyá Mutmainah!" Ṣìmí, ará ilé wọn, ló ń pè. "Mo ní Ìyá Mutmainah! Ṣé etí rẹ di ni?"

Mùsílímátù yíjú. Kì í tètè dá orúkọ náà lóhùn.

"Iṣẹ́ wo ni kò sí n'Íkòròdú tí ọkọ rẹ fi ń lọ gbé ẹrù olówó lọ́nà jíjìn? Àbí ó ní ìyàwó lọ́hùn-ún?"

"Kò ní."

"Àbí ó ń jí bọ́ọ̀lù wọn? Mo rí ti orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn o."

"Kò jí wọn," Mùsílímátù ní.

Alájì Sàlàkọ́ ni Tàjùdéèn ń gbé àpò fún. Alájì a máa fi bírò pupa fa ìlà sára bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó má baà pa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀lù olówó ńlá ni, ó ń tà lọ́jà. Omi kan wà láàárín pápá náà. Àwọn tó kù a máa gba apá òsì yí i ká. Alájì nìkan ló máa ń gbá tirẹ̀ gba orí omi, inú omi náà ló sì máa ń já sí. Bí àwọn ọmọ abúlé bá ti rí mọ́tò rẹ̀, wọ́n á ti kó jọ sétí omi, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ lọ ṣa bọ́ọ̀lù. Tàjùdéèn ló máa ń sáré lọ lé wọn.

"Fi wọ́n sílẹ̀, jàre," Alájì á ní. "Bọ́ọ̀lù lásán ni."

"Ẹ jẹ́ ká gba apá òsì, sà," Tàjùdéèn ní lọ́jọ́ kan.

"Tàjù, ṣé mo jọ ẹni tó ń sá fún omi ni?"

Láti ọjọ́ náà, Tàjùdéèn kò dárúkọ apá òsì mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ.

"Apá nìkan lẹ fi ń gbá a, sà. Ìbàdí ni kó kọ́kọ́ yí. Ọwọ́ ló ń kẹ́yìn."

"Ìbàdí àgbà? Ṣé ijó lo fẹ́ kọ́ mi ni?"

"Bí ẹni ń ju àwọ̀n ni. Ẹni tó bá tètè tú u sílẹ̀, ṣe ló máa wó jọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ara yí ná. Ẹ di ọrùn ọwọ́ mú. Tí ọwọ́ bá dé ẹ̀gbẹ́ itan, ẹ wá tú u sílẹ̀."

Ó so tówẹ̀lì mọ́ ìbàdí Alájì, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi fà á yí. Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó gbá a. Omi ta sókè.

"Ọmọ mélòó lo bí, Tàjù?"

"Obìnrin kan ló wà nílé, sà."

"Wá ọkùnrin kan kún un."

"Àṣẹ Ọlọ́run ni, sà."

Alájì wà nínú ìgbìmọ̀ pápá náà. Ó ní ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù òun bá kọjá omi, Tàjùdéèn ni yóò di olùkọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú owó oṣù. Ṣìmí gbọ́, ó ń bá wọn gbàdúrà sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, kí Tàjùdéèn tó bọ́ bàtà, Mùsílímátù á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó kọjá?"

"Kò kọjá."

Oúnjẹ rẹ̀ á tutù sínú àwo. Tàjùdéèn á mú ọ̀pá lọ sẹ́yìnkùlé, á máa wá ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà ṣàlàyé rẹ̀ fún Alájì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìbàdí Alájì kọ́kọ́ yí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó tún dúró díẹ̀ sí i, kó tó tú u sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà gbéra. Àwọn ọmọ etí omi gbójú sókè tẹ̀ lé e títí ó fi já sórí koríko lódìkejì. Wọ́n dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílé.

"Olùkọ́!" Alájì ń jó. "Tàjù olùkọ́!"

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbá."

Ó tún un gbá. Ó tún kọjá.

Ṣìmí àti Mùsílímátù ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé.

"Ṣé ó kọjá?"

"Ó kọjá, Ìyá Abdulrahman."

Mùsílímátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Iṣẹ́ náà wá ńkọ́?" Ṣìmí béèrè.

"Iṣẹ́ wo?" Tàjùdéèn ní.

Mutmainah ló kọ́kọ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, Mùsílímátù ló sùn kẹ́yìn, ó gbá ike náà mọ́ àyà, ike àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá lápò ṣòkòtò Abdulrahman, àkọ́bí rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde nínú omi pápá Alájì.