Ẹnìkan Ṣáà Ń Ṣẹ́kù

Ẹ̀rín ń pa akọ̀wé ilé-iṣẹ́ bàtà. Ó fi ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ bojú.

Ọ̀gá ò rí i. Àṣẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń kà.

"A ó pín gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé sí ẹ̀ka tó dọ́gba. Bí ẹnìkan bá ṣẹ́kù, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ń lọ sílé nìyẹn."

Àwọn tó ń rán bàtà dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Akọ̀wé, mélòó ni wá?"

"Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́sàn-án, sà."

Ọ̀gá pín in sí méjì. Ẹnìkan ṣẹ́kù.

Ó pín in sí mẹ́ta. Ẹnìkan ṣẹ́kù.

Mẹ́rin, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án: ẹnìkan ṣáà ń ṣẹ́kù.

Ó dán márùn-ún wò, mẹ́rin ló tún wá ṣẹ́kù. Òógùn bò ó.

"Ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú, sà," ni akọ̀wé wí. "Nọ́ńbà olóríkunkun nìyẹn. Àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀ ló lè pín in."

"Kí ẹnìkan máa lọ nìyẹn. Ta ló dé gbẹ̀yìn?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sí akọ̀wé.

Akọ̀wé rọra ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn.

"Títí di àná, ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́jọ ni wá, sà. Ìyẹn ì bá rọrùn láti pín. Àmọ́ ẹ̀yin náà dé láàárọ̀ yìí, ẹ sì fọwọ́ ara yín kọ orúkọ síbí."

Ọ̀gá ká àṣẹ rẹ̀ ní ìká mẹ́rin, ó tì í bọ àpò.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa," ló wí. "Ta ló ní ká pínyà?"