Ẹlẹ́rìí Kejì

"Pẹ́pẹ́yẹ mọ́kànlélógójì," ni olùkà ẹyẹ ń wí sẹ́nu nígbà tí Garside, alága ẹgbẹ́ àwọn olùkà ẹyẹ, sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ létí adágún ìsédò Harrop, tí atẹ́gùn ìgbà ìwọ́wé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn!"

Olùkà gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú. Ó rí i kedere: ẹyẹ òkun kékeré aláwọ̀ eérú, tí kì í sábà dé adágún, tó ń yí lójú omi bí òkòtó. Irú rẹ̀ gan-an ló rí níbí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí Garside fi gègé pupa pa àkọsílẹ̀ náà àti orúkọ olùkà rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ nítorí kò sí ẹlẹ́rìí kejì. Bàbá Alálàá ni wọ́n ń pe olùkà láti ọjọ́ náà.

Ó rọra sọ awò kalẹ̀.

"Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni mo rí, Alága. Àbí ẹ̀yin náà ti ń lálàá ni?"

"Ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ tún un wò!"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni."

Ẹyẹ náà fò, ó gba orí ìsédò lọ. Garside mí kanlẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ lápò.

"Àná ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ti kọ ọ́ síbí pé mo dá yín lẹ́bi láìtọ́, pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní Harrop. Ìbuwọ́lù yín gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kejì ló kù."

Olùkà na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ẹni tí kò rí i kò lè buwọ́ lù ú, bàbá."

Garside yọ gègé pupa, ó sì fa ìlà gba orí orúkọ olùkà kọjá, lẹ́ẹ̀kejì.