Òǹtẹ̀ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Kọ́kọ́rọ́ kán mọ́ Ìyáàfin Wessels lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ sì há sínú ihò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún ni òǹtẹ̀ ìwé ìgbélùú àti àṣẹ iṣẹ́ wà.

Àjèjì tó jókòó níwájú rẹ̀, oníkọ́kọ́rọ́ tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn tó bá há, ti fi ọdún mẹ́jọ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ní ìlú kékeré yìí ní Jámánì. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi dúró de ọjọ́ òní. Gbogbo ìwé rẹ̀ ló pé, ó ku òǹtẹ̀.

"Ẹ sún díẹ̀, màdáámù. Kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Àná ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín parí."

"Ẹ wá bu òǹtẹ̀ lu tuntun fún mi nígbà náà."

"Òǹtẹ̀ wo?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyáàfin Wessels mí kanlẹ̀. Ó wá nọ́ńbà oníkọ́kọ́rọ́ tó wà nílùú. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí. Ó pè é. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ọkùnrin náà.

"Ṣé kí n gbé e?"

Obìnrin náà rò ó dáadáa. "Rárá o. Iṣẹ́ nìyẹn náà."

Ó tún gbé fóònù tirẹ̀ sétí, ó ń dúró kí wọ́n dáhùn.