Àkúdàáyà Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa ni ìròyìn tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ dé. Ìyá arúgbó kan ló gbé e wá láti Ìgbẹ́tì. Bó ti rí fọ́tò ọkọ mi lára ògiri, ó bú sẹ́kún.

“Oyèkànmí, ọmọ mi tó kú nìyí! Òótọ́ ni wọ́n sọ pé àwọn rí i níbí. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, wọn ò jẹ́ kí n débẹ̀. Ìyàwó mi, jẹ́ kí n fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan péré.”

Mo rọ̀ ọ́ títí tó fi sùn lórí ẹní. Ta ni ò mọ̀ pé bí àkúdàáyà bá ti fojú kan ẹni tó mọ̀ ọ́n rí, ó di àwátì?

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi. Àwọn ewúrẹ́ àgbàlá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ké.

“Ìyàwó àná, ṣé o ti ti ọkọ ẹ mọ́ta ni?”

Ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. Ìyá húkọ́ lójú oorun, ẹ̀rín náà sì dá. Ó mọ ikọ́ náà. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

“Ìbídùn,” ó pè mí, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, “kí ni kí n ṣe?”

Mo fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn.

“Ọkọ mi, mi ò ní ṣílẹ̀kùn. Máa lọ kí ìyá rẹ tó jí. Ó sàn fún mi kí o wà láyé nílé obìnrin mìíràn ju kí o tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ.”